Ọ́ìlì Gíà Ọkọ̀ Àlòkù: Ṣé Jíjò Ni Kẹ́ Ẹ Sanwó Fún, àbí Fífi Ẹ̀rọ Fọ̀ Ọ́?

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ àlòkù ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í sábà mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ọtómátíìkì rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ti ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ayé ń rántí. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀nà méjì ló máa fi lọ̀ yín: kó tú nọ́ọ̀tì abẹ́ gíà, kí èyí tó bá lè jò jáde jò, kó sì rọ tuntun dípò rẹ̀, tàbí kó so ẹ̀rọ mọ́ páìpù tó ń gbé ọ́ìlì gíà lọ tutù, kí tuntun máa wọlé bí ti àtijọ́ ṣe ń jáde.

Kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ fa géèjì gíà yọ, kẹ́ ẹ kán ọ́ìlì orí rẹ̀ sórí bébà funfun. Bó bá ṣì pọ́n, tàbí tó kàn ṣú díẹ̀, kò tíì burú. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tí nǹkan tó dà bí iyanrìn sì wà lórí bébà, àwọn awo inú gíà ti ń jẹ tán nìyẹn. Gíà tó ti ń yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò sáré, ọ́ìlì tuntun kò lè wò ó sàn. Bí ẹ kò bá tíì sanwó ọkọ̀ ọ̀hún, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún ẹni tó ń tà á.

Jíjò

Púpọ̀ nínú ọ́ìlì gíà kì í jò jáde; inú torque converter, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sínú gíà, ló ń sápamọ́ sí. Gíà tó ń gba lítà 8 lè má jò ju lítà 4 lọ, ìdajì péré ló sì di tuntun. Bí ẹ bá wà á fún ìgbà díẹ̀, tí ẹ tún jò ó, tuntun á di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó ń gba sùúrù, ó sì ń fi ọ́ìlì ṣòfò, torí díẹ̀ lára tuntun á bá a jò dànù. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò sí ipá nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá sì sọ páànù abẹ́ gíà kalẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ fílítà, wọ́n á nu òòfà inú páànù. Ẹ wo òòfà yẹn fúnra yín: ẹrọ̀fọ̀ dúdú tó kúnná kò burú, ègé irin tí ọwọ́ lè ṣà ni ìjàngbọ̀n.

Fífi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́

Ìjókòó kan ni, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ́ìlì ló sì máa yí padà. Ọkọ̀ tí ẹ ní ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ lè gbà á. Àmọ́ wọn kì í fọwọ́ kan fílítà àyàfi tẹ́ ẹ bá béèrè, àwọn ẹ̀rọ kan sì ń fi ipá ti ọ́ìlì, èyí tó lè gbé ìdọ̀tí lọ dí àwọn ihò tóóró. Wọ́n ní fífọ̀ ń pa gíà. Lójú tèmi, gíà tó ti ń kú lọ ni wọ́n sábà ń gbé lọ fọ̀. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, jíjò ni kẹ́ ẹ ṣe, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta.

Ọ́ìlì wo?

Ibí ni owó ti ń ṣègbé jù. Ohun tí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ ni kẹ́ ẹ rà. Ọ́ìlì Toyota WS kì í ṣe ọ́ìlì T-IV, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Toyota ló ni méjèèjì. Nínú àwọn ọ́ìlì gíà tó ń jẹ́ Dexron, Dexron VI lè rọ́pò Dexron III. Dexron III kò lè rọ́pò VI. Gíà CVT, irú ọtómátíìkì tí kò ní gíà kìíní, ìkejì bíi ti yòókù, ní ọ́ìlì tirẹ̀. ATF lásán, ìyẹn ọ́ìlì gíà ọtómátíìkì yòókù, á bà á jẹ́. Ní ti ọ́ìlì tó ní òun bá gbogbo ọkọ̀ mu, ẹ ka ẹ̀yìn ike rẹ̀ dáadáa: “a fọwọ́ sí i” yàtọ̀ sí “ó yẹ fún”. Èyí àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló dán an wò. Èkejì, ẹnu ẹni tó ń tà á ni.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ ní kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí kó tó tú ti ìsàlẹ̀, torí bí tòkè bá há lẹ́yìn tí gíà ti gbẹ, ọkọ̀ kò ní lè kúrò níbẹ̀. Kó wọn èyí tó jò, kó rọ iye kan náà padà. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìgbà tí ó bá gbóná tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wo géèjì. Ti Honda, pípa ni wọ́n ń pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó wò ó.