Owó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àbí owó ìjọba fún ààbò ojú títì Ìjẹ̀bú-Òde?
Ta ni kó sanwó kí ọlọ́kadà yé sá eré àsápajúdé níwájú ilé ìwé? Owó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tètè ń jáde, ó sì tó ṣe bọ́ǹpù àti ìlà funfun táwọn ọmọ yóò fi sọdá. Àmọ́ bí òjò bá fọ ọ̀dà náà lọ, ta ni yóò tún un kùn? Bọ́ǹpù tí kò lọ́dà, àfàìmọ̀ kó má pa ọlọ́kadà lóru. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Owó ìjọba máa ń pẹ́, ìwé á lọ Abẹ́òkúta á bọ̀, ṣùgbọ́n òun ló lè gbé iná ojú títì àti gọ́tà.

Fún òpópónà àdúgbò, ẹ lo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, kẹ́ ẹ gbàṣẹ ìjọba ìbílẹ̀. Márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ.