Àgbà ọkọ̀ la wọ̀ lọ Caribbean, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bí cruise wa, ìrìn-àjò afẹ́ lórí ọkọ̀ òkun, ṣe lọ, ó yá, ẹ wá gbọ́ o. Òru márùn-ún la lò lórí omi, a gbéra ní Tampa ní Florida, a dé erékùṣù Grand Cayman, a dé Cozumel ní Mẹ́síkò, a padà sí Tampa. Èmi, ọkọ mi àti Mọ́mì, ìyá ọkọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé àádọ́rin ọdún, tìtorí ẹ̀ gan-an la ṣe lọ. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ o, torí mo lẹ́jọ́ tí mo fẹ́ rò.

Ọkọ̀ ọ̀hún ti dàgbà, wọ́n ti kàn án kó tó di ọdún 2000, èrò bíi 2,000 ló ń gbé, nígbà tí ọkọ̀ ràgàjì tuntun kan, Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024 lè gbé ju 7,000 lọ tó bá kún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí ló dé tí mi ò wọ èyí tuntun, mo ní owó ni, ká má parọ́ fúnra wa, àmọ́ Tampa náà dá sí i. Afárá kan wà lójú ọ̀nà òkun níbẹ̀, Sunshine Skyway, abẹ́ ẹ̀ sì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà jáde, àyè tó wà níbẹ̀ ò ju nǹkan bíi mítà 55 lọ láti ojú omi, àwọn ọkọ̀ ràgàjì ìsinsìnyí ga jùyẹn lọ, wọn ò lè gbabẹ̀. Ẹ rí i pé ibẹ̀ ni àwọn àgbà ọkọ̀ ti ṣì ń ríṣẹ́ ṣe.

Nígbà tá a máa fi débẹ̀ oòrùn ti ń wọ̀, gbogbo èèyàn gòkè lọ wò ó. Afárá ń bọ̀, ó ń bọ̀, bíi pé ó máa gé ibi tí èéfín ń gbà jáde dànù. Mọ́mì di ọwọ́ mi mú gírígírí, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ẹni tó ń wakọ̀ yìí rí nǹkan yìí báyìí?" Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀ mà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbabẹ̀. Ó ní, "Ojoojúmọ́ náà ni mọ́tò ń gba Otedola Bridge." Mi ò jẹ́ sọ fún un pé ọkọ̀ òkun akẹ́rù kan ti kọlu afárá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́dún 1980, apá kan wó sómi, èèyàn 35 kú. Eléyìí tuntun ni, 1987 ni wọ́n ṣí i.

Ó yá, ẹjọ́ mi. Yàrá tí wọ́n fún wa wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn pátápátá, kò ní fèrèsé. Gbogbo òru ni ife orí tábìlì ń gbọ̀n kẹ́kẹ́kẹ́, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, títí tó fi já bọ́ sínú bàtà ọkọ mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, extension tá a sì gbé dání, wọ́n ti gbà á nígbà tí wọ́n ń yẹ ẹrù wò. Ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Tó o bá ti ṣí omi báyìí kọ́tìnnì á wá lẹ̀ mọ́ ẹ lára bí ẹni tó wá sin gbèsè. Lóru ọjọ́ kejì AC daṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ bá wọn ní káńtà, wọ́n ní kò sí yàrá mìíràn, wọ́n gbé fáànù kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó parí. Òru yẹn náà ni omi ru, ọkọ̀ ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, èmi tí mò ń pe ara mi lọ́mọdé ni mò ń bì, Mọ́mì ń hanrun ní yàrá tó kọjú sí tiwa. (Òun nìkan ló wà níbẹ̀ o, owó èèyàn méjì ni wọ́n gbà.) Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ irú ọkọ̀ yìí, àárín gbùngbùn ni kẹ́ ẹ ti gba yàrá, kó má lọ sókè jù, ibẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mì.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìdí tí inú mi ò fi bàjẹ́. Oúnjẹ pọ̀, ó dùn lójú, kò láta. Mọ́mì ti mọ̀, ó yọ ìgò ata gígún jáde nínú báàgì lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa, ọmọ Indonesia, rí i, ó ní kí Mọ́mì jẹ́ kóun tọ́ ọ wò, ojú ẹ̀ pọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì ó ti bu sambal, ata tiwọn, wá láti ibi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, látìgbà yẹn abọ́ kékeré yẹn ló ń dúró dè wá lórí tábìlì. Gbogbo wọn ń pè é ní Mama. Àárọ̀ kùtù ló máa ń jáde sí ọ̀nà onípákó tó yí ọkọ̀ ká, lábẹ́ àwọn ọkọ̀ kékeré ìgbẹ̀mílà tí wọ́n so rọ̀, á gbàdúrà, á sì jókòó máa wo omi, kò séèyàn tó ń dù àga mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní Grand Cayman, ọkọ̀ ńlá kì í gúnlẹ̀, ọkọ̀ kékeré ló ń kó èèyàn lọ sí George Town. Èrò wa ò pọ̀, a ò tò pẹ́. Orúnkún Mọ́mì ò dáa, èèyàn mẹ́rin ló gbà á mọ́ra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹyin. Etíkun wọn tí wọ́n ń pè ní Seven Mile Beach ò tiẹ̀ pé máìlì méje, ṣùgbọ́n omi ẹ̀ mọ́ débi pé mo ń ka ìka ẹsẹ̀ mi nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ mú owó dání o, dọ́là tiwọn lágbára ju ti Amẹ́ríkà lọ. Cozumel ní tiẹ̀, ooru, tequila, àtàwọn tó ń fa èèyàn láṣọ kó wá rajà bíi Balógun.

Ẹni tó láwọn ọmọ tó ti bàlágà, ẹ má kó wọn wá o, kò sí nǹkan ìṣeré níbẹ̀, wọ́n á yọ yín lẹ́nu ni. Íntánẹ́ẹ̀tì gbówó lórí, owó tip tàwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì ń wọlé lójoojúmọ́ lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan, ẹ kà á mọ́ owó ọkọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, kó rí i pé vísà Amẹ́ríkà ẹ̀ ṣe é wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ẹ máa jáde nílùú kẹ́ ẹ tó padà wọlé.

Mo ti san àsansílẹ̀ fún Fẹ́búárì, ọkọ̀ yìí náà, yàrá àárín, fèrèsé wà ńbẹ̀. Mọ́mì ní ìgò ata méjì lòun máa gbé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan fún ọmọ Indonesia yẹn.