Kí la lè máa rún dípò chips? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà

Kì í ṣe iyọ̀ àti òróró nìkan ló ń fà wá padà sídìí chips. Ìró rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2004, Massimiliano Zampini àti Charles Spence gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí àwọn ènìyàn létí bí wọ́n ṣe ń gé chips jẹ, wọ́n sì ń yí ìró tí wọ́n ń gbọ́ padà. Bí wọ́n bá ti mú kí ìró náà lọ sókè, àwọn ènìyàn á ní chips yẹn gbẹ dáadáa, ó sì tuntun, bẹ́ẹ̀ irú kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn pé ká lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í fi í tó ẹni tí ẹnu ń yún. Ohun tí a ó fi rọ́pò chips gbọ́dọ̀ dún lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn la tó lè bèèrè pé kí ló fi sílẹ̀ nínú ikùn.

Fáíbà àti purotéènì ni mo fi ń dá ẹjọ́ ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn ló ń jẹ́ kí ènìyàn yó. Ìwọ̀n 28 gíráàmù ni mo fi ṣe ìfiwéra yìí, òun ni ọ̀pọ̀ pákẹ́ẹ̀tì ń pè ní ìwọ̀n ẹnì kan. Iye rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣe-ọjà kan sí òmíràn.

| Ìpápánu (28 g) | Kálórì | Ọ̀rá | Fáíbà | Purotéènì |
|---|---|---|---|---|
| Chips ọ̀dùnkún | 150–160 | 10 g | 1 g | 2 g |
| Gúgúrú tí kò ní òróró | 108 | 1 g | 4 g | 3.5 g |
| Chickpea (irú ẹ̀wà kan) yíyan | nǹkan bí 120 | 2–4 g | 5 g | 5–6 g |
| Ẹ̀pà yíyan | 166 | 14 g | 2 g | 7 g |
| Àkàrà ìrẹsì gbígbẹ (rice cake) | 108 | kò tó 1 g | 1 g | 2 g |
| "Chips ẹ̀fọ́" inú pákẹ́ẹ̀tì | 130 | 7 g | kò tó 1 g | kò tó 1 g |
| Kárọ́ọ̀tì tútù | 12 | 0 | 0.8 g | 0.3 g |

Gúgúrú ni mo kọ́kọ́ máa ń júwe fún ẹni tó fẹ́ràn láti máa kó ìpápánu ní ẹ̀kúnwọ́. Ẹ má wo kálórì inú 28 gíráàmù nìkan o, ẹ wo bí ó ṣe pọ̀ tó lójú. Ife gúgúrú kan tí a fi atẹ́gùn gbígbóná bẹ́ kò ju 8 gíráàmù lọ, kálórì rẹ̀ kò sì ju 31. Ife mẹ́ta kò tó 100 kálórì, ó sì ní fáíbà tó lé ní 3 gíráàmù. Chips 28 gíráàmù, nǹkan bí ẹyọ 15 ni, ọwọ́ á ti dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹnu tó mọ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀.

Hóró àgbàdo gbígbẹ tí a kò tíì bẹ́ ló dára jù láti rà. Omi inú hóró náà, nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń di ooru omi tí yóò fi bú nígbà tí gbígbóná rẹ̀ bá dé nǹkan bí 180°C. Ẹ da òróró díẹ̀ sínú ìkòkò (ó máa fi kálórì díẹ̀ kún ti inú tábìlì), ẹ ju hóró mẹ́ta sí i, tí wọ́n bá ti bẹ́ kí ẹ da ìyókù sí i, kí ẹ sì yọ ọmọrí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ooru omi lè ráyè jáde. Bí ẹ bá dé e pinpin, ooru omi yẹn á padà sínú gúgúrú, á sì rọ̀ mọ́ eyín. Iyọ̀ kíkúnná ni kí ẹ fi sí i, torí ó ń lẹ̀ mọ́ ọn, díẹ̀ sì ti tó. Ní ti gúgúrú páálí tó ní bọ́tà tàbí èyí tí wọ́n fi ṣúgà bò, gbogbo ìṣirò òkè yìí ti yí padà nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Bó bá jẹ́ pé ebi gan-an ló ń pa yín lọ́sàn-án tí ẹ fi ń wá chips, chickpea yíyan ni kí ẹ rà. Kò sí èyí tó jù ú lọ nínú tábìlì yẹn tí a bá pa fáíbà àti purotéènì pọ̀. Ó le lẹ́nu ju chips lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tí eyín ń dùn lè má fẹ́ ẹ. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kò tíì mọ fáíbà púpọ̀ sì ní láti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí inú má baà wú. Àwọn kan ń dín in nínú òróró, àwọn kan ń yan án. Ẹ wá èyí tí wọ́n yan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, kó sè é, kó fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀ títí yóò fi gbẹ, kó wá yan án nínú ófùnù ní 200°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40. Nínú omi ara rẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń kùnà: bí kò bá gbẹ kó tó wọ ófùnù, kò ní dún.

Ẹ̀pà, almond àti cashew kò dín kálórì kù rárá. Ohun tí ẹ jèrè níbẹ̀ ni purotéènì, àti pé púpọ̀ nínú ọ̀rá wọn jẹ́ irú tó dára fún ọkàn. Almond bí ẹyọ 23 ni 28 gíráàmù, torí náà ẹ kà á sínú àwo kékeré, kí ẹ má jẹ ẹ́ látinú pákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀pà tó ṣì wà nínú èèpo ni mo fẹ́ràn jù láti dámọ̀ràn, torí ó ń dá ọwọ́ dúró. Lọ́dún 2019, Kevin Hall àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn 20 ní oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe àṣejù sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, àti oúnjẹ tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, wọ́n ń jẹ nǹkan bí 500 kálórì ju ti èkejì lọ lójúmọ́, wọ́n sì ń yára jẹun. Ìyára yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ rántí ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu nínú ilé, kí ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ẹ̀pà odidi tàbí gúgúrú, nítorí ó lè há a lọ́fun.

Àkàrà ìrẹsì gbígbẹ ń dún, kò ní ọ̀rá, kò sì ní ohun tó pọ̀ nínú. Bí ẹ bá fi ìpara ẹ̀pà sí i lórí, ó wúlò.

"Chips ẹ̀fọ́" ló ń bí mi nínú. Àwòrán tòmátì àti ẹ̀fọ́ tútù ló wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹ yí i padà: ohun tó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, sítáàṣì tàbí ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ kò ju ìyẹ̀fun díẹ̀ tó fún un láwọ̀. Chips tí wọ́n yan dípò díndín sàn díẹ̀ ní ti ọ̀rá, àmọ́ fáíbà rẹ̀ kò yàtọ̀. Yíyan kò sì mú acrylamide kúrò, èròjà tí wọ́n fura sí pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, tí àwọn onímọ̀ ní Sweden kéde lọ́dún 2002 pé ó ń jáde nínú oúnjẹ oní-sítáàṣì tí a bá dín tàbí yan án kọjá 120°C.

Kárọ́ọ̀tì, ápù àti apálá ń dún lọ́nà mìíràn, torí omi ló ń mú wọn le. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wá chips ló máa tẹ́ lọ́rùn. Kárọ́ọ̀tì tí a tì bọ inú chickpea lílọ̀ ló sún mọ́ ọn jù.

Ohun tó kù ni iyọ̀. Iye inú 100 gíráàmù ni kí ẹ máa wò, torí "ìwọ̀n ẹnì kan" lè kéré gan-an sí ohun tí ẹ ó jẹ ní tòótọ́. Ní ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iyọ̀ tó bá ju 1.5 gíráàmù lọ nínú 100 ti pọ̀ jù, 0.3 gíráàmù sísàlẹ̀ ni a ń pè ní díẹ̀. Tó bá jẹ́ sódíọ̀mù ni wọ́n kọ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àbọ̀: sódíọ̀mù 600 mílígíráàmù, iyọ̀ 1.5 gíráàmù ni. Kò sì yẹ kí àgbàlagbà jẹ tó 5 gíráàmù iyọ̀ lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe wí. Ẹ̀pà àti chickpea tó ní iyọ̀ lè le ju chips lọ lórí èyí, torí náà ẹ ra èyí tí kò ní iyọ̀, kí ẹ fi ata gígún àti aáyù gbígbẹ sí i fúnra yín, kí ẹ sì kó o sínú agolo tó dé pinpin nígbà tó bá ti tutù tán.