miniDSP 2x4 HD: alárinà fún Quad ESL-57 àti wúfà

Ohùn èèyàn dùn lẹ́nu Quad ESL-57, sípíkà àtijọ́ tí iná mànàmáná ń mi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀, ju ti ọ̀pọ̀ sípíkà òde òní lọ. Béèsì tó jinlẹ̀ ni kò tó lára rẹ̀. Awọ rẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ síwájú àti sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohùn bá sì ti lọ sílẹ̀ gan-an, tiwájú àti tẹ̀yìn á pa ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ló ń so wúfà (sípíkà béèsì) mọ́ ọn, wọ́n á gé ohùn òkè kúrò lára wúfà nìkan, Quad á ṣì máa fi gbogbo béèsì ṣe wàhálà. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. miniDSP, àpótí kékeré tó ń fi nọ́ńbà ṣàtúnṣe ohùn, ń ṣe ìdajì tó kù, ìyẹn ni pé ó ń gé béèsì kúrò lára Quad: ihò méjì ni ohùn ń gbà wọlé, mẹ́rin ló ń gbà jáde, orí kọ̀ǹpútà lẹ ó sì ti gé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ so 1 àti 2 mọ́ amplifáyà Quad, 3 àti 4 mọ́ wúfà méjì tí àpótí wọn dí pa. Ẹ yí bọ́tìnnì kúrọ́sófà (ibi tí a ti ń gé ohùn) tó wà lára wúfà dé òpin òkè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa gé ohùn kan náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 80 Hz (ìgbì 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), Linkwitz-Riley 24 dB (ọ̀nà ìgé kan tó mú gan-an), lápá méjèèjì. Tó bá kọjá 100 Hz, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ibi tí wúfà wà.

Àkókò ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ìgbì 80 Hz gùn tó mítà 4.3, tí wúfà bá fi mítà kan jìnnà ju Quad lọ, béèsì á máa rìn bí onígúdúgúdú tí kò gbọ́ ìyá ìlù. Mítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdù 2.9, Quad la ó sì dá dúró. Ṣùgbọ́n wúfà tó ní DSP (ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà ṣàtúnṣe ohùn) nínú tún ń pẹ́ sí i, nítorí náà téépù ìwọ̀n nìkan kò tó. Ẹ gbé máìkì ìwọ̀n UMIK-1 síbi tí orí yín máa ń wà, ẹ ṣí REW, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn ohùn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ invert (tó ń dojú ìgbì dé) fún wúfà, kí ẹ máa yí delay (ìdádúró) Quad títí kòtò tó jìn jù lọ fi yọ ní 80 Hz nínú àwòrán REW. Ẹ wá yọ invert kúrò: kòtò yẹn á dí. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa wọn bí wúfà ṣe pariwo tó, torí bí a ṣe ń jìnnà, ohùn Quad àti ti wúfà kì í dín kù bákan náà.

Ẹni tó ń gbọ́ àwo àtijọ́ lè kùn pé miniDSP ń sọ ohùn di nọ́ńbà ní 96 kHz kó tó dá a padà. A ò rò pé etí wọn á mọ̀ ọ́n. Agbára 2 V tó ń jáde tó, nítorí 0.5 V ti mú amplifáyà Quad 303 dé òpin agbára rẹ̀. Amplifáyà ńlá lẹ máa ṣọ́ra fún: béèsì tí a gé kò dá iná dúró kó má fò nínú páánẹ̀lì tírẹ́bù (ohùn òkè) Quad.