Idà onígi àti àkọ̀ aláwọ láti Ọ̀yọ́: Tsuka-ate ni ká fi dán an wò

Ẹni tó bá ń kọ́ iaido, ẹ̀kọ́ yíyọ idà àwọn ará Jápàn, kò nílò kó dúró de ẹrù òkè òkun kó tó rí idà onígi tó ní àkọ̀. Èyí tí à ń yẹ̀ wò yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà kan nítòsí ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ ló gbẹ́ ẹ, oníṣẹ́ awọ ló sì fi awọ ewúrẹ́ bo àkọ̀ rẹ̀. Ó dára, ó tó rà. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Igi apá ni idà náà. Láti ìdí èèkù dé ṣóńṣó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 102, èèkù nìkan sì gba 26 níbẹ̀. Ó wúwo díẹ̀, ohun tá a sì fẹ́ nìyẹn, torí idà tó bá fúyẹ́ jù máa ń jẹ́ kí èèyàn fi èjìká gbé e. Ìlà igi náà lọ tààrà láti ìdí dé orí, kò sí kókó. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa: bí ìlà bá dábùú lẹ́bàá èèkù, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá pàdé igi ẹlòmíì. Arère ni wọ́n fi ṣe àkọ̀. Wọ́n là á sí méjì, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n fi góòmù lẹ̀ ẹ́ pa dà, wọ́n wá ran awọ tútù mọ́ ọn. Bí awọ bá ṣe ń gbẹ ló ń fún.

Kata, ìyẹn ìgbésẹ̀ idà tí wọ́n ti tò lẹ́sẹẹsẹ fún ìdánrawò, 12 ló wà nínú ìlànà tí àjọ kendo (eré fífi idà jà) ti Jápàn ṣe fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ iaido: 7 ní 1969, wọ́n fi 3 kún un ní 1980, 2 ìkẹyìn sì wọlé ní 2000. Mae tó jẹ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dán idà tuntun wò. Mae máa ń bo àkọ̀ burúkú láṣìírí. Bí ẹnu àkọ̀ bá há, ọwọ́ ọ̀tún tó ń fa idà síwájú á kàn fi agbára borí ẹ̀. Tsuka-ate, ìkẹrin, ni ààyò wa, torí kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni.

Èèyàn á jókòó, ẹsẹ̀ òsì á ká sábẹ́ ìdí, orúnkún ọ̀tún á dúró lóòró. Ọ̀tá kan ń bẹ níwájú, ìkejì ń bẹ lẹ́yìn. Bó ti ń dìde, á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, á fi ìdí èèkù gún ẹni iwájú ní kòtò abẹ́ àyà, tàkọ̀ tàkọ̀ ni o. Ibi tí iṣẹ́ wà ló kàn: ọwọ́ ọ̀tún ò gbọdọ̀ yẹ̀ níbi tó wà. Ọwọ́ òsì nìkan ló máa bọ́ àkọ̀ kúrò lára idà sẹ́yìn títí ṣóńṣó á fi jáde. Ara á yí sósì, wọ́n á gún ẹni ẹ̀yìn, wọ́n á gbé idà sókè orí, wọ́n á sì gé ẹni iwájú lulẹ̀.

Bí ẹnu àkọ̀ bá há, èèkù á tẹ̀ lé àkọ̀ pa dà sí ikùn, ẹni iwájú á sì ti bọ́. Bó bá tú, idà á yọ́ jáde nígbà tí wọ́n ṣì ń fi èèkù gún. Ẹ dorí idà kodò tòun tàkọ̀: kò gbọdọ̀ já bọ́. Ẹ wá fi àtàńpàkò òsì ti ìdè ọwọ́, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bo ọwọ́ láàárín èèkù àti ojú idà, ó yẹ kí idà tú wẹ́rẹ́. Idà yìí yege méjèèjì, torí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ara igi sílẹ̀ kó wú díẹ̀ ní ìdí ojú idà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, òun ló ń di ẹnu àkọ̀ mú.

Àsìkò máa ń yí i pa dà ṣá. Nígbà òjò á há, nígbà ọyẹ́ á tú. Bó bá há, ẹ fi àbẹ́là ra ibi tó wú yẹn. Ẹ má fi sánpépà kan ẹnu àkọ̀ nígbà òjò, ẹ máa kábàámọ̀ ẹ̀ bí ọyẹ́ bá dé. Bó bá tú, ẹ fi góòmù lẹ fèrèfèrè igi tín-ín-rín mọ́ inú ẹnu rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ, kì í ṣe níbi tí ojú idà ń gbà. Bí ẹ bá rí eruku igi níbi tí ojú idà ń gbà, ẹ má bá gbẹ́nàgbẹ́nà jà. Ẹni tó ń yọ ọ́ ló ń gbé ojú idà ha àkọ̀. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ìka ọwọ́ òsì kò sì gbọdọ̀ dábùú ẹnu àkọ̀, torí lọ́jọ́ tó bá di irin, ìka ló máa gé.

Iṣẹ́ awọ ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ran ojú rírán sí, ó sì ń kọ́ ìgbànú ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fa àkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ràn án sí abẹ́, níhà ẹ̀yìn idà. Wọ́n tún fi osán bíi ti dùndún ṣe okùn àkọ̀. Ó rẹwà lójú, àmọ́ ó le, kì í gba kókó. Okùn òwú mítà méjì ló tọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi fáníìṣì kun èèkù, ẹ kọ̀, torí á máa yọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ bá làágùn. Òróró díẹ̀ ti tó o.