Business Administration ní yunifásítì: ohun tó ṣe mí lóore àti ohun tó já mi kulẹ̀

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni màá fún un, ẹ̀kọ́ nípa òṣìṣẹ́ nìkan ló sì gba méjì nínú rẹ̀. Yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá ni mo ti kà á. Ní báyìí, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà nílé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà.

Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ wa kọ́ ló yàn án. Máàkì JAMB kò gbé wa dé Law tàbí Accounting, ni wọ́n bá dà wá síbẹ̀. Àwọn tó rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò ló kọ́kọ́ sunkún, torí Statistics ti ń dúró dè wọ́n.

Àkọ́sórí ló pọ̀ níbẹ̀rẹ̀: ìlànà 14 tí Fayol ará Faransé là kalẹ̀, Taylor ará Amẹ́ríkà tó ń fi aago wọn iṣẹ́ lébìrà, Maslow àti àwọn àìní ènìyàn tó tò lérí ara wọn. À ń kà á bí ọmọ ìjọ ṣe ń ka katikísìmù. Èyí tó wọ̀ mí lára ni ìwádìí Hawthorne, tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ Western Electric lẹ́bàá Chicago láàárín 1924 sí 1932. Wọ́n ń fi kún iná, wọ́n ń dín in kù, láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ yóò yá sí i. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ni pé kì í ṣe iná ló mú iṣẹ́ yá bí kò ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé ẹnìkan ń fojú sí àwọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e lórí, àmọ́ ẹ wá wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ tí máníjà bá yà kí wọn.

Ọdún kẹta ló dùn. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ kò gbé hándáòtì wá. Òfin iṣẹ́ fúnra rẹ̀, Labour Act, ló kó wọ kíláàsì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́yìn tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí agbanisíṣẹ́ tó fún un ní ìwé tó sọ iye owó rẹ̀ àti irú iṣẹ́ tó máa ṣe. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkìlọ̀ oṣù kan ló tọ́ sí i kí wọ́n tó dá a dúró. Ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan péré. Ó tún kọ́ wa bí a ṣe ń ṣírò pẹ́ńṣọ̀n lábẹ́ òfin 2014: ìdá 8 nínú 100 látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, ìdá 10 látọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Òun gan-an ni mò ń jẹ lónìí. Nígbà tí ọ̀gá kan fẹ́ sọ fún awakọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́fà pé kó má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́, ìwé òfin yẹn ni mo ṣí síwájú rẹ̀. Ó kùn títí, ó san owó oṣù kan dípò ìkìlọ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ ìdókòwò ló já mi kulẹ̀. Ọṣẹ olómi la pò, a tà á fún ara wa, a gba máàkì. Wọ́n ní ká kọ ètò okòwò. Oko adìyẹ ni ẹgbẹ́ tiwa kọ, kò sì sẹ́ni tó bi wá pé èló ni àpò oúnjẹ adìyẹ kan. Olùkọ́ náà dáa o, kò kàn tajà rí ni. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ tó ti ṣe fríìdọ̀ọ̀mù mọ bí wọ́n ṣe ń sin gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà. Ọmọ Ìgbò tó sin ọ̀gá rẹ̀ dáadáa, ọ̀gá náà ló ń fún un ní owó tí yóò fi dá dúró. Àjọ àti èsúsú, tí àwọn ìyá wa ní Gbági fi ń kó ọjà, gbólóhùn kan péré ló gbà nínú ìwé wa.

Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde, ìyẹn CCMAS, NUC ló yan ìdá 70 nínú ẹ̀kọ́, ìdá 30 wà lọ́wọ́ yunifásítì. Kí ẹ tó yan ilé ẹ̀kọ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n kó sínú ìdá 30 yẹn.

Ẹ̀kọ́ ìdarí ńkọ́? Ẹni tó bá ti ṣe gọ́fánọ̀ kíláàsì rí ti kọ́ ọ tán.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé ọdún mẹ́rin tí wọ́n kọ síwèé. Ìyanṣẹ́lódì 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ló jẹ.

Àwọn ará NIM, ẹgbẹ́ àwọn alákòóso iṣẹ́, á bá yín ní ibùdó agùnbánirọ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iṣẹ́ tèmi lẹ fẹ́, CIPM, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé, torí lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ọ̀tà, ta ló tún fẹ́ ṣíwèé?