Mo fi Praat kọ́ àwọn ọmọ JSS2 ní àmì ohùn fún ọdún kan: ohun tí mo rí

Àwọn ọmọ JSS2 tí mò ń kọ́ ní Ìbàdàn kì í ṣi Yorùbá sọ. Kò sí èyí tó máa ní kí ìyá òun fún òun ní òwò kí òun fi ra búrẹ́dì; owó ni gbogbo wọn máa béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ fún wọn ní bírò, ẹ ní kí wọ́n fi àmì sórí ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹ óò rí i bí wọ́n á ṣe máa fọ́n àmì káàkiri bí ẹni ń fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń dùn mí, torí kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ti ń sọ ọ́ dáadáa láti kékeré. Kò tíì gbọ́ ara rẹ̀ ni.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wá ohun tí yóò dá ohùn ọmọ padà sí i létí, tí mo fi odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan lo Praat. Ètò orí kọ̀ǹpútà ni. Paul Boersma àti David Weenink ní Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é, láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n sì ti ń tún un ṣe. Èdè àwọn ará Netherlands ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. "Sọ̀rọ̀" ló túmọ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ló wà fún, kì í ṣe olùkọ́ ilé ìwé girama bíi tèmi. Ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì kan péré ni, mo gbé e sórí flash, ó sì ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi tó ti gbó, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá gbohùn sílẹ̀ tí ẹ ṣí i nínú rẹ̀, ẹ óò rí ìgbì ohùn lápá òkè, àwòrán dúdú-dúdú bí èéfín lápá ìsàlẹ̀, àti ìlà búlúù kan tó gba àárín èéfín náà kọjá. Ìlà búlúù yẹn ni tiwa. Bí ohùn bá gòkè, á gòkè. Bí ohùn bá sọ̀, á sọ̀.

Ní táàmù kìíní, àwòrán yìí ni mo kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣàṣìṣe. Inú wọn dùn, wọ́n ń nàka sí ìlà, wọ́n ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí ìdánwò dé, tí kò sí kọ̀ǹpútà níwájú wọn mọ́, gbogbo rẹ̀ tún padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ojú ni mo ti ń kọ́ látọjọ́ yìí, mo fi etí sílẹ̀.

Ní táàmù kejì, mo yí i padà. Mo mú ìborùn mi, mo fi bo ojú kọ̀ǹpútà, mo so sípíkà mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ kan yóò dún kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò, ojú gbogbo wọn á sì wà ní dídì. Lẹ́yìn náà ni mo rí bọ́tìnnì kan tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kọ Hum sí lára. Ẹ kọ́kọ́ ní kó ṣe To Pitch, ìyẹn ni kó wọn bí ohùn ṣe ga tó, kí ẹ wá tẹ Hum. Ohun tó máa ṣe ni pé á yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú ohùn náà, á wá máa kùn, ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ nìkan ló máa kù. Gángan náà kọ́ nìyẹn? Gángan kì í pe b tàbí k. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò nìkan ló ń gbé jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi gbọ́ ìlù ìdánimọ̀ rédíò ní Ìbàdàn láyé ọjọ́un, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i pé "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?"

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó. Ọmọkùnrin kan ti wí "owó" sínú fóònù mi, ẹ̀rọ wá kùn ún jáde: re, mí. Mo ní ọ̀rọ̀ wo ni? Ọ̀kan ní "ilé". Èkejì ní "ajá". Ẹni tó ni ohùn náà fò dìde: "Mà, owó ni mo sọ!" Mo ní gbogbo wọn ló gbà á. Ariwo ta. Nígbà tó yé wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ lójú pátákó: orí, ojú, etí, eré, ọwọ́. Ẹnì kan pariwo "ẹja!" kí n tó lanu, àwọn tó wà lẹ́yìn ti dá a lóhùn, "Rárá o, ẹja kì í gòkè!" Mi ò tíì sọ òfin kankan fún wọn ní ọjọ́ náà. Wọ́n gbọ́ ọ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ṣí ìborùn, àwòrán wá wúlò gan-an, torí ó ń fi ohun tó máa ń da etí rú hàn. Ẹ wo "rárà", ewì tí à ń sun. Ìlà náà wà lókè ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í já bọ́ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti "ìlú" ní tirẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ni ìparí rẹ̀ ti ń gùnkè. Àwọn ọmọ tó máa ń kọ "rára" gbọ́ yíyọ̀ náà, wọn ò kàn mọ ibi tó ń lọ ni. Nígbà tí wọ́n fojú rí i, mo tún bo ojú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń gbọ́ ọ.

Àwọn ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Ìlà máa ń já níbi s, k, t, f, torí náà ọ̀rọ̀ tó ní l, r, m, n, w, y ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ bí "òwò" máa ń ha débi pé ìlà lè pòórá. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé ohùn ti tán níbẹ̀. Mo máa ń fi ìwọ̀n gíga ohùn tí Praat yóò máa wá sí 75 sí 300 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) fún ọkùnrin àgbà, 100 sí 500 fún obìnrin àti ọmọdé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlà á máa fò kiri. Bí Praat tiyín kò bá ṣí ohùn WhatsApp bó ṣe wà, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di fáìlì WAV. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀, ó sì gbà mí tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọwọ́ mi tó mọ́ ọn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún nítòsí, ẹ kàn gbàgbé ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Máàkì 8 nínú 10 ni màá fún un, ọpẹ́lọpẹ́ Hum ni mẹ́ta nínú ẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi gbìyànjú. Mo bẹ bàbá onígéètì wa kí wọ́n wí "ìlú" sínú fóònù mi, mo sì ní kí ọmọbìnrin kan wí i. Ohùn bàbá bẹ̀rẹ̀ ní bíi 95 Hz, ó gùn dé bíi 150. Ti ọmọbìnrin náà, 215 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo nọ́ńbà náà títí, ó ní, "Mà, òkè tiwọn ò tó ìsàlẹ̀ tèmi!" Kíláàsì dákẹ́. Ọmọ kan wá béèrè pé kí wá là ń pè ní òkè. Mi ò dáhùn. Mo bo ojú ẹ̀rọ, mo jẹ́ kó kun ohùn àwọn méjèèjì, ti bàbá lẹ́yìn ti ọmọ, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ọmọ 42 nínú 46 ló kọ "ìlú" lẹ́ẹ̀mejèèjì, tí gbogbo àmì wà níbi tó yẹ. Àwọn mẹ́rin tó kù, a jọ jókòó ti sípíkà nígbà bréèkì.